Ihò Mejiro Kì í Ṣe Òkúta Lásán

Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ pé kí ló wà ní Ọ̀yọ́ Ilé, kíá ni yóò dá yín lóhùn: ààfin, odi ìlú, Ṣàngó, Aláàfin, ogun. Kò parọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní baba ńlá tó sá kúrò lọ́hùn-ún nígbà tí ìlú náà tú ní àwọn ọdún 1830, tí Ògbómọ̀ṣọ́ sì gbà wọ́n sílé. Ṣùgbọ́n ìdáhùn kan wà tó ṣọ̀wọ́n kéèyàn gbọ́, kódà láàárín àwa tí à ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ àti òkúta. Ìdáhùn náà ni pé ihò àpáta kan wà ní àgbègbè Ọ̀yọ́ Ilé, Mejiro lorúkọ tí wọ́n fi kọ ọ́ sínú ìwé, àwọn èèyàn sì ti jókòó sábẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń gbẹ́ òkúta kí Aláàfin kankan tó jẹ, kí irin tó dé, kí odi ìlú tó wà.

Orí ihò yìí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé. Èrò mi kò lọ́jú pọ̀ rárá. Òfin ti dáàbò bo Mejiro, torí inú igbó ọba ló wà. Ṣùgbọ́n ohun téèyàn kò mọ̀, kò lè ṣọ́ ọ. Nínú gbogbo àwọn tó ń gba ẹsẹ̀ àpáta kọjá ní apá ibí yìí, àwa akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ilẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ ohun tó wà níbẹ̀, nítorí àwa la máa ń mú òòlù dání.

Ohun tí wọ́n rí ní Mejiro

Ní 1956 sí 1957, Frank Willett, tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìṣẹ̀ǹbáyé Manchester nígbà náà, wá ṣe ìwádìí ní Ọ̀yọ́ Ilé. Orúkọ rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹni tó bá ti kàwé nípa ère Ifẹ̀, torí iṣẹ́ yẹn ló sọ ọ́ di ìlú-mọ̀ọ́ká lẹ́yìn náà. Ìlú àwọn ọba ló wá wò ní Ọ̀yọ́ Ilé. Ṣùgbọ́n nígbà tó wa ilẹ̀ nínú ihò Mejiro, ohun tó bá níbẹ̀ kì í ṣe ti ìlú ọba rárá. Òkúta quartz kéékèèké ni, tí èèyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́. Kò sí ìkòkò láàárín wọn, kò sì sí àáké òkúta tí wọ́n lọ̀ kó dán.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí kókó yẹn. Gbogbo wa la mọ ẹdùn àrá. Nínú ojúbọ Ṣàngó, inú opọ́n ni wọ́n máa ń kó o sí, wọ́n sì gbà pé láti ojú ọ̀run ló ti já bọ́ nígbà tí àrá sán. Àwọn awalẹ̀pìtàn ní tiwọn gbà pé àáké òkúta ni ọ̀pọ̀ jù lọ wọn, ohun èlò àwọn èèyàn tó gbé ilẹ̀ yìí kí irin tó dé. Òjò ńlá a fọ ilẹ̀, àáké náà a yọ síta, àgbẹ̀ a rí i láàárọ̀ ọjọ́ kejì ìjì, á sì mú un lọ fún oníṣàǹgó. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa ṣe jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó ń ṣa ohun àtijọ́ pa mọ́ nílẹ̀ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ mìíràn ni wọ́n fún iṣẹ́ náà. Ó wá ṣe pàtàkì pé kò sí irú àáké bẹ́ẹ̀ lára ohun tí Mejiro mú jáde. Òkúta tó wà níbẹ̀ jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń lò kí ọwọ́ tó ba àáké dídán. Ẹ wá ro bó ti pẹ́ tó, nígbà tó jẹ́ pé ẹdùn àrá pàápàá ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ní ọ̀run ló ti wá.

Kí ni wọ́n ń fi òkúta kékeré bẹ́ẹ̀ ṣe? Wọ́n máa ń fi oje igi lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí ọ̀pá, yóò sì di ọfà. Wọ́n lè to bíi mẹ́ta tàbí mẹ́rin sí ẹ̀gbẹ́ igi kan, yóò sì di ọ̀bẹ. Bí ọ̀kan bá kú, wọn a yọ ọ́ sọnù, wọn a fi òmíràn sí i. Ọgbọ́n kékeré kọ́ nìyẹn. Ẹni tó bá rò pé èèyàn ìgbà náà kò gbọ́n, kó mú quartz kan, kó gbìyànjú láti gbẹ́ ọ̀kan tó dọ́gba. Ojú á là á kíákíá.

Ibi tó ti kan ẹ̀kọ́ wa

Ní kíláàsì, wọ́n kọ́ wa pé quartz wà níbi gbogbo. Òótọ́ ni. Bí a bá lọ sí fíìdì, orí rẹ̀ là ń tẹ̀ kọjá láti àárọ̀ títí di alẹ́. Ohun tó ṣòro ni láti mọ ìyàtọ̀ láàárín quartz tó fọ́ fúnra rẹ̀ àti èyí tí èèyàn fọ́. Èyí tí oòrùn àti òjò fọ́ máa ń fọ́ bó ṣe rí i. Èyí tí èèyàn fi òkúta mìíràn lù máa ń ní ojú pẹrẹsẹ kékeré kan níbi tí wọ́n ti lù ú, ó máa ń wú díẹ̀ bí ikùn lábẹ́ ojú yẹn, etí rẹ̀ a sì mú. Bí ẹni náà bá tún un ṣe, ẹ óò rí àpá kéékèèké tó tò tẹ̀léra wọn sí etí kan ṣoṣo. Oòrùn kò lè to àpá bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ló tò ó.

Kí ẹ má ṣì mí gbọ́, ó nira lára quartz ju lára òkúta mìíràn lọ, torí quartz tiwa kò mọ́ lára, ó sì máa ń fọ́ wúruwùru. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ojú ẹni tó mọ òkúta wà níbẹ̀. Iṣẹ́ méjì ló pàdé níhìn-ín: awalẹ̀pìtàn mọ èèyàn, àwa mọ òkúta. Ibi tí òkúta náà ti wá, bóyá láti inú odò ni tàbí láti inú iṣan quartz tó wà lára àpáta, àwa ló yẹ kó lè sọ ọ́.

Ìlànà kan tún wà tí a kọ́ ní ọdún kìíní: ìpele tó wà nísàlẹ̀ ló ṣáájú èyí tó wà lókè, àfi bí nǹkan kan bá dà wọ́n rú. Orí ìlànà yìí gan-an ni ìtàn inú ihò dúró lé. Ní Ọ̀yọ́, arọ́kin ló ń ka ìtàn àwọn ọba. Àwọn èèyàn Mejiro kò ní arọ́kin kankan bí kò ṣe ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Èédú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta kan ló ń sọ iye ọdún tí òkúta náà ti lò. Egungun ẹran tó wà pẹ̀lú rẹ̀ ló ń sọ ohun tí wọ́n jẹ. Bí ẹnì kan bá wá mú òkúta yẹn sínú àpò nítorí pé ó dán, ẹnu ti pa mọ́ ìyẹn. Kò ní ìpele mọ́, kò ní ọjọ́ orí mọ́, òkúta lásán ló padà dà.

Ẹ wo Ihò Eléérú

Bí ẹnikẹ́ni bá ń rò pé òkúta inú ihò kò lè sọ ohun gidi kan fún ayé, kó wo ihò kan nítòsí Ìsarun, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí kò jìnnà sí Àkúrẹ́. Ní 1965, Thurstan Shaw, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Ìbàdàn, ṣíwájú àwọn tó wa ilẹ̀ níbẹ̀. Òkúta gbígbẹ́ tí wọ́n kó jáde lé ní ìdajì mílíọ̀nù. Nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n bá òkú èèyàn kan, pẹ̀lú agbárí rẹ̀. Èédú tó wà nítòsí rẹ̀ fi hàn pé ó ti lé ní 11,000 ọdún.

Ní 2011, Katerina Harvati àti Chris Stringer pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tún wo agbárí yìí. Ọjọ́ orí tí àwọn rí jẹ́ láàárín nǹkan bíi 11,700 sí 16,300 ọdún. Ohun tó ya ayé lẹ́nu kì í ṣe ọjọ́ orí nìkan. Agbárí náà gùn, ó sì rẹlẹ̀, ó jọ ti àwọn èèyàn tó ti wà ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún ọdún ṣáájú rẹ̀ ju bó ṣe jọ ti wa lọ. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìtàn bí èèyàn ṣe di èèyàn ní Áfíríkà kò lọ tààrà bí a ṣe ń kà á tẹ́lẹ̀. Ihò kan ní ilẹ̀ Yorùbá ló mú kí wọ́n tún ìwé kọ ní gbogbo àgbáyé.

Iṣẹ́ kò sì tán síbẹ̀. Àwọn olùwádìí padà síbẹ̀ láìpẹ́ yìí, àwọn ọmọ Nàìjíríà láti Ìbàdàn sì wà lára wọn. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2023 sọ pé igbó ló yí ihò náà ká ní gbogbo ìgbà tí èèyàn fi gbé ibẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nǹkan bíi 6,000 ọdún sẹ́yìn, ọ̀dàn gbalẹ̀ ní agbègbè tó yí i ká. Egungun ẹran, ewéko àti ilẹ̀ ló jẹ́rìí. Ẹ wòye pé ilẹ̀ tí Shaw fi sílẹ̀ láìwà ní 1965 wúlò fún irin iṣẹ́ tí kò tíì sí láyé nígbà yẹn. Ká ní wọ́n ti wa gbogbo rẹ̀ tán, tàbí ká ní ẹnì kan ti kó ilẹ̀ ibẹ̀ lọ fi mọ ilé, ẹ̀rí yẹn ì bá ti lọ.

Ohun mìíràn wà tí ó yẹ kó dun ẹni tó ń sọ Yorùbá. Fún ohun tó lé ní 40 ọdún, "Iwo Eleru" ni ayé fi ń kọ orúkọ ihò yẹn sínú ìwé. Nínú Yorùbá tí à ń kà nílé ìwé, ìwo ni ti àgbò, ẹlẹ́rù sì ni ẹni tó gbẹ́rù. Ihò Eléérú ni orúkọ náà, ihò tí eérú kún inú rẹ̀, orúkọ tó ń ṣàlàyé ara rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó gbọ́ èdè. Nínú iṣẹ́ tuntun yìí ni wọ́n ti wá tún un kọ bó ṣe yẹ. Èyí fi hàn pé bí àwa tí a gbọ́ èdè kò bá sí níbi iṣẹ́, orúkọ pàápàá a sọnù. Ẹ sì rí i pé èmi náà ń kọ Mejiro láìfi àmì sí i, torí bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà nínú ìwé. Ẹni tó yẹ ká bi ní ohùn rẹ̀ gan-an ni àwọn ọdẹ àti àgbà abúlé tó yí igbó náà ká, kí wọ́n tó wọ káà ilẹ̀ tán.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Anyama

Àwọn kan á ní, "Ṣé ihò máa ń sá lọ ni? Ó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ yìí, ibẹ̀ náà ni yóò wà." Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀, kó gbọ́ ti Anyama, nítòsí Abidjan, ní orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire. Ní àwọn ọdún 1980, Yodé Guédé àti àwọn onímọ̀ láti Soviet rí òkúta gbígbẹ́ nínú ilẹ̀ níbẹ̀, ní ibi tí wọ́n ń pè ní Bété I. Wọn kò rí ọ̀nà tí wọ́n lè fi mọ ọjọ́ orí rẹ̀ dájú nígbà yẹn. Ní 2020, àwọn olùwádìí padà lọ, wọ́n sì bu ilẹ̀ ibẹ̀ fún àyẹ̀wò. Nígbà tí èsì jáde nínú ìwé Nature ní 2025, ó jẹ́ nǹkan bíi 150,000 ọdún. Òun ló wá di ẹ̀rí tó dàgbà jù lọ láyé pé èèyàn ti gbé nínú igbó kìjikìji.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kí ẹ lọ wò ó lónìí, kò sí mọ́. Àwọn tó ń wa ilẹ̀ àti òkúta tà ti wa ibẹ̀ dànù lẹ́yìn tí àwọn olùwádìí bu tiwọn. Díẹ̀ báyìí ló kù kó jẹ́ pé ayé kò ní mọ̀ ọ́n láéláé. Kì í ṣe ogun ló bà á jẹ́, kì í sì í ṣe ẹni ibi. Ọkọ̀ katapílà lásán ni, àti ẹni tó ń wá òkúta tí wọn yóò fi kọ́lé.

Ta ló sì ń wa òkúta ní Nàìjíríà? Àwa ni. Lára àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde, tó ń ka ìwé yìí, a rí àwọn tó wà ní kúárì, a rí àwọn tó ń bá kọ́ńtíràkítọ̀ ojú ọ̀nà ṣiṣẹ́, a sì rí àwọn tó ń wá omi kànga fún ìjọba. Bí gíránáìtì tó dára bá wà níbì kan, àwa ni wọ́n máa ń rán lọ wò ó. Àpáta tó sì dára fún kúárì náà ló máa ń ní ihò tí èèyàn lè fi ṣe ilé.

Òfin kò ṣaláìsí

Kì í ṣe pé ìjọba kò ṣe òfin. Láti 1953 ni òfin lórí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti wà ní Nàìjíríà. Ní 1979, òfin tó dá àjọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè sílẹ̀ jáde, ó sì ka wíwalẹ̀ wá ohun àtijọ́ láìgba ìwé àṣẹ léèwọ̀. Ní 1992, òfin mìíràn sọ pé kí iṣẹ́ ńlá kan tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ ibẹ̀ wò kí wọ́n lè mọ ohun tí iṣẹ́ náà máa bà jẹ́.

Igbó tí Ọ̀yọ́ Ilé wà nínú rẹ̀ náà ní ìtàn tirẹ̀. Wọ́n fi apá kan ṣe igbó ọba ní 1936, wọ́n fi apá Ọ̀yọ́ Ilé kún un ní 1941, wọ́n sọ ọ́ di ibi ààbò ẹran igbó ní 1952, ó sì di Old Oyo National Park ní 1991. Ìlú Ọ̀yọ́ ni olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà. Ó fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà níbùú lóròó, ó sì dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Oríire, aládùúgbò wa níhìn-ín. Láti 1995 ni orúkọ Ọ̀yọ́ Ilé ti wà lórí ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO wò bóyá ó yẹ láti jẹ́ ogún gbogbo ayé. Sukur gba tirẹ̀ ní 1999, igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo gbà á ní 2005. Ọ̀yọ́ Ilé ṣì ń dúró.

Ẹ fi èyí wé ohun tí òfin ṣe ní South Africa. Ní 1997, wọ́n fẹ́ kọ́ pápá gọ́ọ̀fù àti ilé ìgbafẹ́ sí etí òkun Mossel Bay, ní Pinnacle Point. Òfin ní kí wọ́n yẹ ilẹ̀ wò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó lọ yẹ ilẹ̀ wò ló rí ihò tó wà lára àpáta etí òkun náà, tí òkúta gbígbẹ́ kún inú wọn. Curtis Marean àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ walẹ̀ níbẹ̀ láti 2000. Ní 2007, wọ́n kéde pé àwọn èèyàn ibẹ̀ ti ń jẹ ìṣáwùrú òkun ní nǹkan bíi 164,000 ọdún sẹ́yìn. Wọ́n kọ́ pápá gọ́ọ̀fù wọn, wọn kò sì ba ihò jẹ́. Ní 2024, UNESCO fi Pinnacle Point pẹ̀lú ihò méjì mìíràn sára ogún gbogbo ayé.

Ìyàtọ̀ láàárín Anyama àti Pinnacle Point kò ju ẹyọ kan lọ: ẹnì kan wo ilẹ̀ kí katapílà tó dé. Irú òfin tó gbé ẹni yẹn débẹ̀, àwa náà ní in. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ wa ni pé ẹni tó ń kọ ìwé àyẹ̀wò náà yóò kọ ojú ewé mẹ́wàá lórí omi, mẹ́wàá lórí eruku àti ariwo, tó bá wá kan ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, yóò kọ ìlà kan pé kò sí. Báwo ló ṣe mọ̀ pé kò sí, nígbà tí wọn kò kọ́ ọ bí yóò ṣe dá a mọ̀?

Àwọn tí kò gbà

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Àkọ́kọ́, pé ebi ń pa ará ìlú, ìbẹ̀rù àwọn agbébọn wà nínú igbó, èwo ni ti òkúta àtijọ́? Mi ò ní fọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ yẹn sẹ́yìn. Àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó ń dojú kọ ọdẹ tó ní ìbọn, àwọn agégẹdú àti àwọn darandaran lójoojúmọ́. N kò ní kí wọ́n fi iṣẹ́ wọn sílẹ̀ kí wọ́n máa ka òkúta. Ṣùgbọ́n ohun tí mò ń béèrè kò ná ìjọba ní owó ńlá. Kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ ohun tí kò yẹ kó fọ́, kò gba ju ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ kan lọ.

Ìkejì, pé àwọn èèyàn Mejiro kì í ṣe Yorùbá. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni, bóyá bẹ́ẹ̀ kọ́; òkúta kì í sọ èdè tí ẹni tó gbẹ́ ẹ ń sọ. Àmọ́ nígbà tí a bá ra ilẹ̀ lónìí, a kì í ní nítorí pé ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ kì í ṣe ẹbí wa, ká hú òkú rẹ̀ sọnù. Ilẹ̀ tí à ń gbé ni. Ẹni tó bá fẹ́ràn ìtàn Ọ̀yọ́ tó sì fẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Ọ̀rànmíyàn nìkan, orí ìtàn ló kọ́, ó fi ẹsẹ̀ sílẹ̀.

Ìkẹta ni èyí tó máa ń dùn létí jù: ẹ jẹ́ ká ṣí ihò náà fún àwọn arìnrìn-àjò afẹ́, kí owó wọlé. Níhìn-ín ni mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ ọ̀rẹ́ mi. Mi ò lòdì sí ìgbafẹ́. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ inú ihò kì í ṣe òkè Ìdánrè tàbí Olúmọ tí ẹgbẹ̀rún èèyàn lè gùn tí kò ní yingin. Ẹsẹ̀ ogún èèyàn ní ọ̀sẹ̀ kan ti tó láti da ìpele òkè rú. Ẹni tó bá dáná ẹran síbẹ̀ ti fi èédú tuntun pọ̀ mọ́ èédú àtijọ́. Ẹni tó fi kun kọ orúkọ rẹ̀ àti ti olólùfẹ́ rẹ̀ sára àpáta ti ba ohun tó lè wà lábẹ́ kun náà jẹ́. Kí wọ́n kọ́kọ́ wọn ibẹ̀, kí wọ́n yà á sórí máàpù, kí awalẹ̀pìtàn sọ ibi tí ẹsẹ̀ lè dé àti ibi tí kò gbọ́dọ̀ dé. Lẹ́yìn náà ni ká tó sọ̀rọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì. A kì í torí pé a fẹ́ jẹ ẹyin pa adìyẹ.

Ohun tó wà lọ́wọ́ wa

Ohun mẹ́rin ni mo fi síwájú ẹ̀ka wa, kò sì sí èyí tó ju agbára wa lọ.

Èkíní, kí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ kan ṣáájú gbogbo ìrìn-àjò fíìdì, lórí bí a ṣe ń dá òkúta gbígbẹ́, àpáàdì àti ìdàrọ́ irin mọ̀. Ìbàdàn kò jìnnà sí wa, ẹ̀ka tí Shaw dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1970 ṣì wà. Ẹ jẹ́ ká pe olùkọ́ kan wá.

Èkejì, kí òfin kan wà nínú ìwé fíìdì wa: ní abẹ́ àpáta tó ṣe bòòji tàbí nínú ihò, kò sí òòlù, kò sí ṣọ́bìrì, kò sì sí mímú nǹkan sínú àpò. Bí a bá rí ohun tó jọ iṣẹ́ ọwọ́ èèyàn, ká fi owó ẹyọ tàbí bírò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí bó ṣe tóbi lè hàn, ká ya fọ́tò rẹ̀ níbi tó wà, ká kọ GPS rẹ̀, ká sì fi tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé létí. Bó bá jẹ́ inú igbó ọba ni, ká sọ fún àwọn ẹ̀ṣọ́ ibẹ̀. Kí a má sì fi GPS yẹn sórí Facebook tàbí WhatsApp, torí àwọn tó ń ta ohun àtijọ́ náà ń wò ó.

Ẹ̀kẹta, ká bi àwọn ọdẹ àti àgbà abúlé ní orúkọ gbogbo ihò àti òkè tí a bá dé, ká kọ ọ́ pẹ̀lú àmì ohùn, ká sì gbà á sórí fóònù. Ní ìparí iṣẹ́ wa, a máa ń kọ orúkọ òkúta lédè Gẹ̀ẹ́sì kún ìwé, síbẹ̀ a kì í kọ orúkọ tí àwọn onílẹ̀ ń pè é. Àpẹẹrẹ Ihò Eléérú ti tó wa.

Ẹ̀kẹrin, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa, ẹ̀yin ni mo bẹ̀ jù. Nígbà tí wọ́n bá gbé ìwé àyẹ̀wò kúárì tàbí ojú ọ̀nà wá kí ẹ buwọ́ lù ú, tí ìlà kan péré bá wà níbi tí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti yẹ kó wà, ẹ bi wọ́n pé ta ló lọ wò ó, ọjọ́ wo ló lọ. Ìbéèrè yẹn lè dá iṣẹ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ kan. Ní Anyama, kò sẹ́ni tó béèrè kí katapílà tó wọlé.

Ìpàdé ẹgbẹ́ wa ń bọ̀ kí a tó lọ sí fíìdì. Mo fẹ́ kí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọjọ́ kan yẹn wà lára ohun tí a máa dìbò lé lórí. Ẹni tó bá fara mọ́ ọn, kó wá, kó sì nawọ́.